Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àwọn ẹnjiníà mẹ́sàn-án kan ní iléeṣẹ́ Google yarí kanlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn kò ní ìbọn nínú, kò sì ní bọ́ǹbù. Ètò ààbò kan ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́, èyí tí yóò ya kọ̀ǹpútà oníbàárà kan sọ́tọ̀ gedegbe, débi pé kò sí okùn kan tí yóò so ó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Irú rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà máa ń béèrè fún kí ó tó kó àṣírí ológun lé iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Àwọn mẹ́sàn-án náà mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì mọ ẹni tó ń bọ̀ wá lò ó. Wọ́n fàáké kọ́rí pé àwọn kò ní ṣe é. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọ̀gá ní kí iṣẹ́ náà ṣì dúró ná.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Project Maven. Oṣù kẹrin ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀, ìṣòro tí wọ́n fẹ́ fi yanjú kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn dúróònù wọn tó ń rábàbà lójú ọ̀run ń fi fídíò ránṣẹ́ ju ohun tí ojú ènìyàn lè wò tán lọ. Sójà kan á jókòó síwájú ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á máa ka ọkọ̀ tó kọjá lójú títì, á máa ka iye ẹni tó wọ ilé kan àti iye ẹni tó jáde, ojú á máa ta á, oorun á máa kùn ún. Wọ́n wá ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá wọn wò ó. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Drew Cukor tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sọ nígbà náà pé oríṣi nǹkan 38 ni àwọn fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa dá mọ̀ nínú fídíò. Google gba iṣẹ́ náà ní bòókẹ́lẹ́, ó di oṣù kẹta ọdún 2018 kí ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Gizmodo tó tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bí oṣù kẹrin ṣe wọlé, òṣìṣẹ́ tó lé ní 3,000 ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú tí wọ́n kọ sí Sundar Pichai, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, iye wọn sún mọ́ 4,000. Wọ́n ní kí ó fa ọwọ́ Google yọ kúrò níbẹ̀, kí ó sì fi í ṣòfin pé iléeṣẹ́ náà kò ní kọ́ ohun èlò ogun láéláé. Bí ẹni méjìlá ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Laura Nolan, ẹnjiníà kan ní ọ́fíìsì wọn ní Dublin, wà lára àwọn tó fi ìbínú lọ. Lẹ́yìn náà ló darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń rọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí wọ́n fòfin de ohun ìjà tí ń dá yan ẹni tí yóò pa.

Owó tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò tó nǹkan lójú Google. Diane Greene, tó ń darí ẹ̀ka tó ń yá àwọn oníbàárà ní kọ̀ǹpútà lò láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní cloud, sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là péré ni. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn oníròyìn rí íméèlì tí àwọn ọ̀gá ń kọ síra wọn, níbi tí wọ́n ti ń retí kí owó náà dàgbà dé 250 mílíọ̀nù. New York Times náà tẹ íméèlì mìíràn jáde, tí Fei-Fei Li kọ. Ògbóǹtarìgì onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni obìnrin yìí, ó sì wà ní Google nígbà náà. Ó ń gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé bí wọ́n bá fẹ́ kéde iṣẹ́ náà fáráyé, kí wọ́n yẹra pátápátá fún dídárúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI).

Ibí yìí gan-an ni a fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí díẹ̀. Bí ọ̀gá ilé bá ní kí ará ilé má ṣe dárúkọ ohun tó wà nínú ìkòkò níwájú àlejò, ará ilé ní ẹ̀tọ́ láti ṣí ìkòkò wò. Ohun tó bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ náà nínú kì í ṣe pé ìjọba Amẹ́ríkà ní ọmọ ogun, wọ́n kúkú ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba iṣẹ́. Ohun tó dùn wọ́n ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti dé ojú ogun kí àwọn fúnra wọn tó gbọ́, ẹnu oníròyìn ni wọ́n sì ti gbọ́.

Wọ́n borí nígbà náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, Greene kéde pé Google kò ní tún ìwé àdéhùn Maven ṣe bí ó bá parí. Ọjọ́ keje oṣù kan náà, Pichai gbé ìlànà jáde pé iléeṣẹ́ náà kò ní fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe ohun ìjà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Google jáwọ́ nínú ìdíje fún JEDI, iṣẹ́ ológun mìíràn tí owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Iṣẹ́ Maven fúnra rẹ̀ kò kú o. Iléeṣẹ́ Palantir àti àwọn mìíràn gbé e, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ 480 mílíọ̀nù dọ́là fún Palantir lórí rẹ̀.

Irú ìkọ̀sílẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kìíní ọdún 1947, Norbert Wiener, ọ̀kan lára àwọn bàbá ìmọ̀ yìí, kọ̀wé sí gbangba pé òun kò ní fún àwọn tó ń ṣe àdó olóró tí ń fò ní iṣẹ́ ìwádìí òun. Geoffrey Hinton, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá ọgbọ́n àtọwọ́dá òde òní, kúrò ní Amẹ́ríkà lọ sí Kánádà lọ́dún 1987, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ sì ni pé ọwọ́ àwọn ológun ni ọ̀pọ̀ owó ìwádìí ti ń wá lọ́hùn-ún. Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n lè lọ. Ohun tó yàtọ̀ sí tiwọn ní 2018 ni pé àwọn òṣìṣẹ́ lásán, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, ló kó ara wọn jọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Georgetown bi 160 nínú àwọn amòye ọgbọ́n àtọwọ́dá ní Amẹ́ríkà léèrè lọ́dún 2019, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kórìíra iṣẹ́ ológun. Àwọn kan fẹ́ ẹ, àwọn kan ní kò ṣe àwọn tì. Ohun tó ń yí ọkàn wọn padà ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ láti ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́, ara wọn yá sí i. Bí ó bá jẹ́ ti ojú ogun gan-an, wọ́n ń lọ́ tìkọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òṣìṣẹ́ yìí kórìíra ilẹ̀ wọn, tàbí pé gbogbo wọn jẹ́ àdàbà.

Àwọn ọ̀gá wọn ní èsì tiwọn. Jeff Bezos ti Amazon sọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 pé bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá bá kẹ̀yìn sí ológun, Amẹ́ríkà wọ wàhálà nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft kọ ìwé tiwọn. Iléeṣẹ́ wọn ti gba iṣẹ́ 479 mílíọ̀nù dọ́là láti fi HoloLens, awò ojú tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà síwájú ẹni tó wọ̀ ọ́, hámọ́ra fún àwọn sójà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe awò yìí rò pé àwọn ayàwòrán ilé ni yóò máa lò ó, àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, àti ẹni tó fẹ́ kọ́ dùùrù. Satya Nadella, ọ̀gá wọn, dá wọn lóhùn pé àwọn kò ní fi ìmọ̀ ẹ̀rọ du àwọn tí aráàlú fi ìbò yàn láti dáàbò bo òmìnira wọn. Iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú.

Èsì Nadella yìí kò ṣe é tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwa tí a ń gbé ibi tí a ń gbé yìí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, lọ́jọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju ohun abúgbàù, wọ́n sì pa èèyàn bí 40 tí wọ́n wá jọ́sìn. Ẹni tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ lórí àga ìjọ, bí a bá ní kí ó wá fọwọ́ sí ìwé pé kí sójà má ṣe ní ojú lójú ọ̀run, kí ni yóò sọ fún wa? Àwọn ọmọ Ukraine náà kò ní àyè láti jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí Rọ́ṣíà wọlé tọ̀ wọ́n ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wọn ló jókòó ti dúróònù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo iṣẹ́ ológun láti ìgbà náà. Ìwé ìròyìn yìí kò bá ẹni tó ń kọ́ ohun tí yóò gba ìlú rẹ̀ là jà.

Ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ogun kò ṣàjèjì sí alágbẹ̀dẹ. Irin kan náà ló fi ń rọ ọkọ́, ló fi ń rọ àdá, ló fi ń rọ idà, Ògún kan náà ló sì ń bọ lórí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá wá sí àgbẹ̀dẹ ní láti sọ ohun tó fẹ́. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ bóyá ọkọ́ ni òun ń lù tàbí idà, ó mọ ojú ẹni tó ń rà á, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ mọ ẹni tí onítọ̀hún ń bá ṣọ̀tá. Bí kò bá wù ú, ó lè ní ẹwìrì òun ti ya. Òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní irú àǹfààní yẹn. Ohun tó kọ́ ẹ̀rọ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ó lè dá ajá mọ̀ yàtọ̀ sí ológbò nínú àwòrán, òun kan náà ni wọn yóò yí díẹ̀ tí yóò máa dá ọkọ̀ akẹ́rù mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó gbé agbébọn. Kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò yí i. Kò sí ẹni tí yóò pè é.

Nítorí náà, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń béèrè, ẹ̀tọ́ ni lójú tiwa, kì í ṣe àfojúdi: kí ẹni tó ṣe nǹkan mọ ibi tí nǹkan náà ń lọ, kí ó sì lè sọ pé òun kò ṣe mọ́ láìjẹ́ pé oúnjẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Oúnjẹ ti ń bọ́ lẹ́nu wọn báyìí. Ìdí tí ìwé ẹ̀hónú fi ṣiṣẹ́ lọ́dún 2018 ni pé àwọn ẹnjiníà wọ̀nyí wọ́n bí ojú. Bí ọ̀kan bá fi Google sílẹ̀ láàárọ̀, ibi mẹ́ta ni wọn yóò ti pè é kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Google kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ 12,000 dúró, àwọn iléeṣẹ́ yòókù náà sì ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ohùn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ kan jókòó pa sínú ọ́fíìsì Google ní New York àti ní Sunnyvale, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ Project Nimbus, iṣẹ́ 1.2 bílíọ̀nù dọ́là tí Google àti Amazon ń ṣe fún ìjọba Ísírẹ́lì láti ọdún 2021. Google ní iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ohun ìjà. Ọlọ́pàá kó àwọn kan nínú wọn lọ. Wọ́n lé ẹni 28 dànù lọ́jọ́ kejì, àwọn olùfẹ̀hónúhàn sì ní iye náà padà di bí 50. Pichai wá kọ̀wé sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ibẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọn yóò ti máa jiyàn òṣèlú.

Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo yára. Iléeṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá OpenAI ti yọ ọ̀rọ̀ tó de ológun àti ogun kúrò nínú òfin lílò rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Google fúnra rẹ̀ pa ìlérí 2018 rẹ́ kúrò nínú ìlànà rẹ̀, ìlérí tí àwọn èèyàn fi iṣẹ́ wọn rà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi oyè Lẹ́fútẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì dá àwọn ọkùnrin mẹ́rin lọ́lá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọ̀gá kan láti Palantir, ọ̀kan láti Meta, ọ̀kan láti OpenAI, àti ẹnìkan tó ti jẹ́ ọ̀gá ní OpenAI rí. Sójà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sá eré àárọ̀ kí ó tó dé ipò yẹn yóò ti ní ohun tó rò sí i. Ní oṣù keje, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún Google, Anthropic àti xAI ní iṣẹ́ tó lè tó 200 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. OpenAI ti gba tirẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú.

Àfi ibi kan tí ọ̀rọ̀ gbà yọ. Ní Microsoft, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pariwo lórí iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà ń bá ológun Ísírẹ́lì ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n da ayẹyẹ àádọ́ta ọdún iléeṣẹ́ náà rú. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n lọ jókòó sínú ọ́fíìsì Brad Smith, ààrẹ iléeṣẹ́ náà. Ìwé ìròyìn Guardian ti jẹ́ kó di mímọ̀ nínú oṣù náà pé orí kọ̀ǹpútà Microsoft ni ẹ̀ka amí Ísírẹ́lì ń kó ohùn ìpè fóònù àwọn ará Palẹ́sìtínì pamọ́ sí rẹpẹtẹ. Wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ́wọ́ nínú ìfẹ̀hónúhàn náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, Microsoft kéde pé òun ti pa apá kan lára ohun tí òun ń fún iléeṣẹ́ ààbò Ísírẹ́lì lò, nítorí ìwádìí òun fìdí apá kan lára ìròyìn náà múlẹ̀. Ẹ wò ó bí: wọ́n lé ẹni tó ní iná ń jó, wọ́n sì padà lọ bu omi.

Àwọn tí a ti ń sọ yìí sì tún sàn. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n lè fi sábẹ́ ìwé. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ìwé ìròyìn The Intercept jẹ́ kó di mímọ̀ pé kí ẹ̀rọ Maven tó lè mọ ọkọ̀ mọ igi, àwọn alágbàṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi àmì sí ohun tó wà nínú àwòrán. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Figure Eight ló gbà wọ́n. Owó iṣẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè wálẹ̀ dé dọ́là kan ní wákàtí kan. Wọn kò mọ̀ pé Google ni, wọn kò sì mọ̀ pé ológun ni. Irú iṣẹ́ àfi-àmì-sí-àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe lónìí. Fa ìlà yí ọkọ̀ yìí ká. Fa ìlà yí ènìyàn yìí ká. Èyí tó kàn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe sí. Bí ẹ̀rí ọkàn bá ń da ẹni tó wà ní California láàmú, owó oṣù rẹ̀ ló fún un láyè. Ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí àwòrán kan kò ní ìsọfúnni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun wà láàárín méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Seattle pẹ̀lú físà H-1B, bí wọ́n bá dá a dúró lónìí, 60 ọjọ́ ló sábà máa ń ní láti rí ẹlòmíràn tí yóò gbà á, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó ní ọmọ nílé ìwé, ó ní gbèsè ilé, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ẹni mẹ́rin. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀hónú dé iwájú rẹ̀. A kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kí a máa dá a lẹ́jọ́ pé ó dákẹ́.

Ìtàn kan wà tí kò yẹ kí Áfíríkà gbàgbé. Lọ́dún 1970, ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, Caroline Hunter tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́mísírì ní iléeṣẹ́ kámẹ́rà Polaroid ń lọ jẹun ọ̀sán pẹ̀lú Ken Williams, ayàwòrán níbẹ̀. Wọ́n rí káàdì ìdánimọ̀ àpẹẹrẹ kan lára pátákó, orúkọ ẹ̀ka ìwakùsà ìjọba South Africa ló wà lára rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n túṣu désàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn ṣe ni wọ́n fi ń ya fọ́tò inú ìwé ìrìnnà, ìwé tí aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ má mú dání ní ìlú tirẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí aráyé má ra Polaroid. Hunter pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà kọ́kọ́ ní kì í ṣe ìjọba ni òun ń tà á fún mọ́. Ọdún 1977 ni àṣírí tú pé alágbàtà wọn ní South Africa ṣì ń tà á fún ìjọba ní kọ̀rọ̀, ìgbà náà ni Polaroid tó kẹ́rù kúrò níbẹ̀. Ọdún méje gbáko, nítorí káàdì ara pátákó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òṣìṣẹ́ kò ní ẹjọ́ rò lórí ibi tí ọjà iléeṣẹ́ ń lọ, kí ó lọ bi àwọn ará Soweto tó gbé ìwé náà sápò.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tiwa. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn ará Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kaduna, ń ṣe Máólúùdù, ayẹyẹ ìbí Ànábì. Dúróònù àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa ju bọ́ǹbù sí wọn. Àwọn tó rù ú là ní bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré wá gbé òkú ni bọ́ǹbù kejì tún bọ́. Ó kéré tán, èèyàn 85 ni wọ́n sin. Olóògbé Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, lọ bẹ̀ wọ́n ní abúlé wọn. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ojú òfuurufú rí àgbájọ èèyàn, wọ́n ṣì wọ́n mú fún agbébọn nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe. Kò sí ẹni tó sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wà nídìí ti Tudun Biri, ojú ènìyàn ló wò ó, ènìyàn ló sì ṣì í. Àwọn kan á tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ ì bá ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ẹ̀rọ náà pé bí àwọn Mùsùlùmí abúlé ṣe ń kóra jọ lálẹ́ fún Máólúùdù yàtọ̀ sí bí agbébọn ṣe ń kóra jọ? Ẹni tó ń fi àmì sí àwòrán ní ìlú òkèèrè, tí kò rí Máólúùdù rí láyé rẹ̀? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìwé ìròyìn +972 ti Ísírẹ́lì gbé ìròyìn jáde lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Lavender. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka amí ológun tó bá wọn sọ̀rọ̀ ní ẹ̀rọ náà ti fa orúkọ èèyàn tó tó 37,000 ní Gásà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fura sí, àti pé ìṣẹ́jú-àáyá bí 20 ni àwọn fi ń wo orúkọ kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ológun Ísírẹ́lì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn ló ń ṣe ìpinnu. Bí a bá tilẹ̀ gba tiwọn gbọ́, ẹni tó ní 20 ìṣẹ́jú-àáyá péré níwájú ẹ̀rọ kò lè jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó mọ ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń ṣìnà ni àwọn tó kọ́ ọ, wọn kì í sì í sí nínú yàrá yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ní ohùn òṣìṣẹ́ wúlò fún ológun pàápàá: òun ló lè sọ pé ibí yìí, ẹ̀rọ mi kò mọ̀ ọ́n, ẹ má gbára lé e.

Ìjà yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní Àbújá, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Terra Industries, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Nàìjíríà méjì dá sílẹ̀, ń ṣe dúróònù àti ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ iná àti ibi ìwakùsà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 wọ́n rí 11.75 mílíọ̀nù dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni 8VC, iléeṣẹ́ Joe Lonsdale, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Palantir sílẹ̀. A yọ̀ fún wọn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ra ojú lọ́wọ́ Ṣáínà àti Tọ́kì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà tó wà níbẹ̀, ṣé ìwé iṣẹ́ wọn sọ pé wọ́n lè béèrè ibi tí dúróònù ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò níbi iléeṣẹ́ iná? Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí i pé ẹ̀rọ náà ń ka àwọn Fúlàní darandaran mọ́ agbébọn, ta ni yóò sọ fún?

Fífi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn òṣìṣẹ́ nìkan kò lè tó, a sì ti rí i ní Google bí ìlérí ọ̀gá ṣe ń pẹ́ tó. Òfin ló kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS pàdé ní Freetown, wọ́n sì fẹnu kò pé kí àgbáyé ṣe àdéhùn tó ní òfin nínú lórí ohun ìjà tí ń dá ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, orílẹ̀-èdè 166 dìbò fún ìpinnu lórí rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, mẹ́ta péré ló lòdì sí i. António Guterres, akọ̀wé àgbà Àjọ náà nígbà náà, ti ní kí àdéhùn náà jáde nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2026. Nàìjíríà kò gbọdọ̀ lọ sọ̀rọ̀ dáadáa ní New York kó sì wá máa ra ohun tó wù ú nílé láìsí ìwé.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá kò ju mẹ́ta lọ. Iléeṣẹ́ yòówù tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá yan ẹni tàbí ohun tí ológun yóò dojú ìjà kọ, kí ó kọ sílẹ̀ ibi tí àwòrán tó fi kọ́ ọ ti wá àti irú ènìyàn tí ẹ̀rọ náà máa ń ṣì mú. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá kọ̀ láti ṣe apá ti ohun ìjà, kí wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn fún un, kí wọ́n má lé e. Bí bọ́ǹbù bá sì ṣì bọ́ bí ti Tudun Biri, kí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí lè pe ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà wá jẹ́rìí lábẹ́ ìbúra, láìsí pé iléeṣẹ́ rẹ̀ fi ìwé àṣírí dí i lẹ́nu. Owó ààbò ọdún tó ń bọ̀ yóò dé iwájú wọn láìpẹ́. Kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.